Àgbéyẹ̀wò kóònù Imhoff fún adágún ẹrẹ̀ ní kùsà èédú

Ohun èlò tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò yìí kò ní bátìrì, kò sì sí ohun kan lára rẹ̀ tí ń yí. Kóònù Imhoff ni wọ́n ń pè é: ìgò gígùn tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ara rẹ̀ ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi ṣe ṣóńṣó, tí ó ń gba omi lítà 1, tí a sì fa ìlà òṣùwọ̀n mìlílítà sí ara rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, èyí ni láti fi hàn bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó wà nínú omi ṣe pọ̀ tó nígbà tí a bá jẹ́ kí omi náà dúró jẹ́ẹ́. Mo ń lò ó létí àwọn adágún ẹrẹ̀ ní kùsà èédú tí a ń wà láti òkè ilẹ̀ ní agbègbè olókè Appalachia, ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun èlò tí a gbọ́dọ̀ fi wọn omi. Ìdájọ́ mi ni pé ó dára púpọ̀ fún ohun tí ó ń wọ̀n, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ẹni tí ó bá rò pé gbogbo àìdáa omi ni ó ń fi hàn lọ́nà, bẹ́ẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ nídìí iṣẹ́ wa.

Kí a tó lè kó èédú láti òkè ilẹ̀, a ní láti gé igbó, kí a ká erùpẹ̀ ọlọ́ràá kúrò, kí a sì fọ́ àpáta tí ó bo èédú mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí a ti tú sí ìhòòhò báyìí kò ní ewéko tí yóò dá ọwọ́ òjò dúró. Bí òjò bá ti rọ̀, yóò gbá iyanrìn, ẹrẹ̀ àti amọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú odò tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ń pẹja. Nítorí èyí ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìwakùsà èédú òkè ilẹ̀, èyí tí Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1977, àti àwọn ìlànà tí ó tẹ̀ lé e, fi béèrè pé kí a kọ́kọ́ mọ adágún kí a tó rú ilẹ̀ tí omi rẹ̀ yóò máa ṣàn wá síbẹ̀. Adágún náà gbọ́dọ̀ súnmọ́ ilẹ̀ tí a rú bí ó bá ti ṣeé ṣe tó, kò sì gbọ́dọ̀ jókòó sínú odò tí kì í gbẹ láìgba àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ lè gba omi òjò wákàtí 24 tí irú rẹ̀ kì í sábà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún 10, tàbí kí ó lè mú kí omi náà tòrò. Ẹnjiníà tí ó ní ìwé ẹ̀rí ni yóò fọwọ́ sí i, a kò sì gbọ́dọ̀ wó o kí ọdún 2 tó pé lẹ́yìn ìgbà tí a gbin koríko kẹ́yìn sórí ilẹ̀ tí a tún ṣe.

Omi tí ń jáde lẹ́nu adágún ní òdiwọ̀n tirẹ̀. Ní ìgbà tí ojú ọjọ́ dára, ẹrẹ̀ tí ó wà nínú omi kò gbọ́dọ̀ ju mìlígíráàmù 70 lọ nínú lítà kan ní ọjọ́ èyíkéyìí, ìpíndọ́gba ọjọ́ 30 kò sì gbọ́dọ̀ ju 35 lọ. Ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń wọn èyí: wọn yóò fi àsẹ́ tín-ín-rín sẹ́ omi náà, wọn yóò gbẹ ohun tí ó kù sórí àsẹ́ nínú ààrò, wọn yóò sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ńlá bá mú kí omi adágún kún sí i, òfin gbà pé agbára káká ni adágún kankan fi lè mú òdiwọ̀n yẹn ṣẹ, ó sì yọ̀ǹda òdiwọ̀n mìíràn dípò rẹ̀, pé kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó rọ̀ sísàlẹ̀ má ju mìlílítà 0.5 lọ nínú lítà omi kan, kí pH omi náà, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, sì wà láàárín 6 àti 9. Òdiwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń wo omi tí ń ṣàn kúrò lórí ilẹ̀ tí a ti kún padà, tí a sì ti gbin koríko sí. Ibí gan-an ni kóònù yìí ti wọlé.

Ọ̀nà tí a ń gbà lò ó wà nínú òfin náà fúnra rẹ̀, kò sì gba àfikún láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. A ó po omi tí a bù pọ̀ dáadáa, a ó dà á sínú kóònù títí yóò fi dé ìlà lítà 1, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45 láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, a ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rọra ro ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ yíká, kí ẹrẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ara ìgò lè sọ̀ kalẹ̀, a ó sì tún fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Nígbà náà ni a ó ka iye mìlílítà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà gbà ní ìdí kóònù, láìka ohunkóhun tí ó bá léfòó sókè mọ́ ọn.

Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń ṣe é ni ó ń sọ bóyá iye tí a kọ sílẹ̀ yóò jẹ́ òtítọ́. Ibi àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni bíbu omi: bí ènìyàn bá ti ike rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ ojú ìṣàn tí ó sì fi rú ẹrẹ̀ tí ó ti sùn síbẹ̀, ẹrẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ni yóò wọ̀n, kì í ṣe ti adágún. Ibi kejì ni ìpopọ̀. Iyanrìn kì í fi àkókò ṣòfò. Láàárín ìgbà tí a bá fi ń ṣí ìdérí ike, ó ti wà nísàlẹ̀, omi tí yóò wọ inú kóònù yóò sì kéré ní iyanrìn ju èyí tí ó jáde láti inú adágún lọ. Ibi kẹta ni ojú tí a fi ń kà á. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà kò bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí apá kan ga ju èkejì lọ, àárín méjèèjì ni kí a mú, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dagun. Bákan náà ni kí a má ṣe gbé kóònù sórí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má bàa kúrò nínú ìtura ọkọ̀, ìgbọ̀nrìrì náà kò sì jẹ́ kí hóró kéékèèké rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí olùkà kíyè sí jù lọ ni nọ́ńbà kékeré kan tí ó fara sin sínú òfin náà. Ìlà tí a fà sí ìdí kóònù máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mìlílítà 0.1, ṣùgbọ́n òfin sọ pé ohun tí ọ̀nà àyẹ̀wò yìí lè rí dájú kò kéré sí 0.4. Òdiwọ̀n tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá sì jẹ́ 0.5. Àlàfo tí ó wà láàárín ohun tí ojú lè fọwọ́ sọ̀yà rí àti ohun tí ó jẹ́ rírú òfin kò ju mìlílítà 0.1 lọ, èyí tí kò ju bí ẹ̀kán omi méjì lọ. Nítorí náà, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń kọ 0.1 lónìí àti 0.2 lọ́la, tí wọ́n sì ń fi ìyàtọ̀ náà ṣe àlàyé pé adágún ti ń burú sí i. Kóònù kò ní agbára yẹn. Ohun tí ó lè sọ láìtàsé ni pé omi yìí wà ní àlàáfíà, tàbí pé ó wà ní bèbè, tàbí pé ó ti kọjá ààlà pátápátá. Fún olùtọ́jú adágún tí ó dúró nínú òjò, ìròyìn yẹn ní iyì, nítorí wákàtí 1 péré ni ó fi ń dé ọwọ́ rẹ̀, nígbà tí èsì ilé àyẹ̀wò lè pẹ́ kí ó tó dé.

Àléébù tí ó tóbi jù lọ ni amọ̀. Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé omi orí rẹ̀ kì í tòrò lójú ẹsẹ̀. Ó ń fẹ́ àkókò kí ìyẹ̀fun kíkúnná tó sùn sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ amọ̀ inú adágún le ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 1851, George Stokes ṣàlàyé bí hóró kékeré ṣe ń rì nínú omi: bí ìbú hóró kan bá fi ìlọ́po 10 kéré sí ti òmíràn, ìlọ́po 100 ni yóò fi falẹ̀ jù ú lọ. Hóró ẹrẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.01 yóò lo nǹkan bí wákàtí 3 kí ó tó rì ní mítà 1 nínú omi tí kò tutù jù. Hóró amọ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.001 yóò lo tó ọjọ́ 12 tàbí 13 láti rin ọ̀nà kan náà, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ kò bá da omi náà rú rárá. Nígbà tí omi inú kóònù kò jìn tó ìdajì mítà, tí àkókò tí a fún un kò sì ju wákàtí 1 lọ, ìṣírò náà fi hàn pé ohun tí ó bá kéré sí nǹkan bí mìlímítà 0.01 yóò ṣì wà lókè nígbà tí a bá ń ka ìlà. Nínú àwọn wọ̀nyí ni gbogbo amọ̀ wà.

Ìdí nìyí tí kóònù lè fi ka òdo, nígbà tí omi tí ó wà lókè gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi àgbàrá. Omi bẹ́ẹ̀ kò rú òdiwọ̀n ọjọ́ òjò, ṣùgbọ́n ẹja inú odò yóò mọ̀ ọ́n lára, bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò omi tí ẹja ń jẹ, nítorí amọ̀ yẹn ni ó ń dènà ìmọ́lẹ̀ tí ó sì ń bo ẹyin mọ́lẹ̀. Ó dùn mí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n sọ pé adágún dára nítorí pé kóònù sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí amọ̀ bá ti pọ̀, adágún nìkan kò tó. Oògùn tí ń so hóró pọ̀, bí álọ́ọ̀mù tàbí polyacrylamide, ni wọ́n ń fi sí i lójú ọ̀nà kí omi tó wọlé. Kí a sì ṣọ́ irú polyacrylamide tí a ń lò, nítorí èyí tí ó ní agbára iná pọ́sítíìfù máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tí ẹja fi ń mí, ó sì lè pa á. Kóònù wúlò gan-an níbí: bí oògùn bá ṣiṣẹ́, amọ̀ tí kò rọ̀ lánàá yóò dì pọ̀, yóò sì rọ̀ lójú wa lónìí.

Irin náà ní àdánwò tirẹ̀. Níbi tí àpáta bá ní pyrite nínú, ìyẹn òkúta tí irin àti imí ọjọ́ para pọ̀ di, omi máa ń di kíkan, ó sì máa ń yọ́ irin jáde. Bí a bá fi ẹfun tàbí sódà líle (caustic soda) mú ìkan yẹn kúrò, irin yóò di ẹ̀tù aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó fúyẹ́ bí òwú. Ẹ̀tù yìí gba àyè púpọ̀ nínú kóònù ju bí ó ṣe wúwo lọ, nítorí pé omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì lè mú kí kóònù ka iye tí ó ju 0.5 lọ nígbà tí òṣùwọ̀n ilé àyẹ̀wò kò rí ohun tí ó pọ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò lọ kó ẹrẹ̀ adágún, nígbà tí ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó fi adágún kékeré mìíràn kún un níbi tí ẹ̀tù irin yóò ti sùn. Irin tí ó ṣì yọ́ sínú omi ńkọ́? Kóònù kò rí i rárá, bẹ́ẹ̀ òdiwọ̀n rẹ̀ ní kùsà tuntun jẹ́ mìlígíráàmù 6 nínú lítà kan lọ́jọ́ kan, ìpíndọ́gba oṣù sì jẹ́ 3. Kò rí mángánísì, irú mẹ́tàlì mìíràn tí ń yọ́ sínú omi, náà.

Ẹ̀yà kóònù tí ènìyàn lè rà pọ̀. Ti gíláàsì mọ́ kedere, ẹrẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kùsà kì í ṣe ibi tí a ń gbé gíláàsì gígùn bẹ́ẹ̀ kiri. Ti ike ni mo fara mọ́. Kí ẹni tí yóò rà á yan èyí tí ó ní ìdè tí a lè yí kúrò ní ṣóńṣó ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń há sí jù, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tí ó dé ibẹ̀ dáadáa láti òkè. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lára ìdè yìí ni pé hóró iyanrìn kan ṣoṣo láàárín ìdè náà àti ìgò tó láti mú kí omi máa kán jáde, bí omi bá sì ti ń kán, àyẹ̀wò ti bàjẹ́. Kí a fọ ibẹ̀ kí a tó dè é, kí a sì da omi mímọ́ sí i láti dán an wò. Ara ike tún máa ń ha bí a bá fi kànrìnkàn líle fọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ yóò sì máa dì mọ́ ojú ibi tí ó ti ha. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó.

Ọ̀rọ̀ òtútù kò sí lára ìwé tí wọ́n máa ń fi sínú páálí rẹ̀, ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín ki ju omi yàrá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì dín díẹ̀, hóró ẹrẹ̀ sì ń falẹ̀ nínú rẹ̀ bákan náà. Omi kan ṣoṣo tí a bù ní oṣù Kìíní lè fún wa ní iye kan létí adágún, kí ó sì fún wa ní iye tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ́fíìsì tí ó móoru. Mo máa ń kọ ìwọ̀n ooru omi sílẹ̀ pẹ̀lú iye tí mo kà, mo sì gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn láti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí yóò fi ìwé ìgbà òtútù wé ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè mọ ohun tí ó ń wò.

Karl Imhoff, ẹnjiníà ará Jámánì tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò yìí, bá èédú pàdé nínú iṣẹ́ tirẹ̀ náà. Agbègbè odò Emscher àti Ruhr ni ó ti ṣiṣẹ́, níbi tí ìwakùsà abẹ́ ilẹ̀ ti mú kí ilẹ̀ máa rì débi pé wọn kò lè ri páìpù omi ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ láìfọ́, tí wọ́n sì sọ odò Emscher fúnra rẹ̀ di kòtò ìdọ̀tí tí ó wà ní gbangba. Omi ìdọ̀tí ìlú ni ó ní lọ́kàn. Inú mi dùn pé ohun èlò tí ó ti agbègbè èédú wá ti padà sídìí èédú.

Fún ẹni tí ń tọ́jú adágún lójoojúmọ́, àǹfààní kóònù ju ti ìwé ìjọba lọ. Bí a bá gbé méjì kalẹ̀ ní àkókò kan náà, tí ọ̀kan gba omi ẹnu ìwọlé, tí èkejì gba ti ẹnu ìjáde, a ó rí iṣẹ́ tí adágún ń ṣe. Bí ti ìwọlé bá kún fún ẹrẹ̀, tí ti ìjáde kò sì ní nǹkan kan, adágún ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Bí méjèèjì bá jọra, ó ṣeé ṣe kí omi máa gba àbùjá láàárín adágún lọ tààrà sí ẹnu ìjáde láìdúró, a ó sì ní láti na ìdènà sínú omi kí ó lè yí ká. Ó sì lè jẹ́ pé ẹrẹ̀ ti kún débi pé omi kò ní àyè ìsinmi mọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ ló béèrè pé kí a kó ẹrẹ̀ nígbà tí ó bá ti gba ìdá 60 nínú 100 àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún un; ọ̀pá òṣùwọ̀n tí a rì mọ́ inú adágún ni ó ń sọ èyí, ṣùgbọ́n kóònù sábà máa ń kọ́kọ́ ta wá lólobó.

Kóònù kò wúlò láìsí òṣùwọ̀n òjò tí a ń kà lójoojúmọ́. Òfin gbé e lé ilé iṣẹ́ lọ́rùn láti fi ẹ̀rí hàn pé òjò ni ó fa omi tí ó jáde, àti pé òjò náà tó èyí tí ó fún wọn láyè láti lo òdiwọ̀n kóònù. Ẹni tí ó bá ní 0.3 lọ́wọ́ tí kò sì ní àkọsílẹ̀ òjò yóò padà sábẹ́ òdiwọ̀n mìlígíráàmù 70, ó sì ṣeé ṣe kí ó kùnà níbẹ̀. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má fi omi tí ó tòrò rọ́pò wíwo ògiri adágún. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1972, ìsédò ìdọ̀tí èédú já ní Buffalo Creek, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, ènìyàn 125 sì kú. Ìtẹ̀sí ògiri, ojú ibi tí ó ti ń sun omi, ihò tí ẹranko gbẹ́, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ wo ìwọ̀nyí.

Mo gba ẹnikẹ́ni tí ó ní adágún ẹrẹ̀ nímọ̀ràn láti rà á, kí ó ra méjì ó kéré tán, pẹ̀lú ìdúró tí ó wúwo tí afẹ́fẹ́ kò lè bì ṣubú, nítorí ìdúró ike tín-ín-rín tí wọ́n máa ń tà pọ̀ mọ́ ọn kò yẹ fún ìta. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹ̀rọ tí ń wọn bí omi ṣe dàrú tó, ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, ẹ̀rọ yẹn ni kí a wá owó sí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òun ni ó ń rí ohun tí kóònù kò rí. Àwọn tí ń tọ́jú omi ní kùsà òkúta ẹfun bíi ti Ewékorò tàbí kùsà òkúta gíránáìtì nílé lè lò ó lọ́nà kan náà láti wo bí adágún wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà òjò, bí wọ́n bá ti ní ibi tí ó tẹ́jú, aago, àti ẹni tí yóò dúró tì í fún wákàtí 1 láìfọwọ́ kàn án ju ìgbà tí ó yẹ lọ.